Ínsúlínì Kì í Ṣe Ìwòsàn

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó wà lẹ́yìn odi, àwọn kan ń sọ pé kí la fẹ́ fowó ìwádìí àtọ̀gbẹ ọmọdé ṣe, ṣebí abẹ́rẹ́ ínsúlínì wà. Rárá o! Láti 1922 tí ọmọ ọdún 14 kan ti kọ́kọ́ gbà á ní Toronto, ẹ̀mí ló ń gbà là. Kò wo àrùn náà sàn. Ọjọ́ tí a kò bá rí i rà ńkọ́?

Ní 1970, àwọn òbí Amẹ́ríkà kò dúró de ìjọba. Wọ́n dá JDRF sílẹ̀, tó ń jẹ́ Breakthrough T1D báyìí, wọ́n ń dáwó fún ìwádìí. Owó wọn wà lára ohun tó bí oògùn teplizumab, tí ìjọba wọn fọwọ́ sí ní 2022. Ó ń sún ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà síwájú.

Àwa tí a ń rówó ra aṣọ ẹbí, ẹ jẹ́ ká ra abẹ́rẹ́ fọ́mọ wa, ká sì dáwó ìwádìí pẹ̀lú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.