Choke Wo Ló Yẹ Ẹnu Ìbọn Yín?

Lẹ́tà méjì ló tẹ̀ mí lọ́wọ́ lóṣù yìí láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé tó ń gbé ní Texas, ìbéèrè kan náà ló sì wà nínú méjèèjì: bí ènìyàn bá ra ìbọn ọdẹ, tí ó bá choke mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú páálí rẹ̀, èwo ni kí ó fi sẹ́nu ìbọn?

Choke ni ọ̀pá irin kúkúrú tí a ń lọ́ wọ ẹnu ìbọn, láti fún ẹnu náà pọ̀ díẹ̀ kí hóró ọta má baà tètè fọ́n ká. Díẹ̀ náà kéré púpọ̀. Nínú ìbọn gauge 12, Cylinder kò fún un rárá. Improved Cylinder fún un ní nǹkan bí ínṣì 0.010, Modified ní 0.020, Full ní nǹkan bí 0.035. Síbẹ̀, bí a bá yìnbọn lu bébà ní 40 yáàdì, tí a sì fa òbìrí oní-ínṣì 30 yí ibi tí ọta pọ̀ sí jù ká, ìṣirò tí àwọn ayìnbọn ń lò ni pé Cylinder yóò kó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún hóró ọta sínú rẹ̀, Full yóò sì kó 70.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka Full sí agbára. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Choke kì í fi agbára kún ọta, ó kàn ń kó o jọ ni. Ní skeet, níbi tí àwo amọ̀ kì í ti í jìnnà ju nǹkan bí 20 yáàdì lọ, Cylinder tàbí choke tí wọ́n pè ní Skeet ló tọ́. Ní trap, níbi tí àwo ti ń sá lọ mọ́ ayìnbọn lójú, Modified tàbí Full ní ìwúlò. Ní sporting clays, Improved Cylinder ni èmi yóò fi síbẹ̀, n kò sì ní máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ìyàwó tí ń pààrọ̀ aṣọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ wá yàtọ̀, nítorí àwo kì í jẹ̀rora. Quail, tí Bíbélì Yorùbá pè ní àparò, sábà máa ń fò sókè níwájú ajá láàárín 25 yáàdì. Bí ẹ bá fi Full yìn ín níbẹ̀, yálà kí ẹ tàsé rẹ̀, tàbí kí ẹran tí ẹ fẹ́ gbé délé di jákujàku. Cylinder tàbí Improved Cylinder ni kí ẹ lò. Pheasant tóbi jù ú lọ, nígbà tí àsìkò ọdẹ bá sì ń parí lọ, òkèèrè ló ti ń fò. Modified yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí hóró méjì péré bà lè fò lọ kú sínú koríko níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Bí ó bá ti jìnnà jù, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Kò sí choke tó tún ìyẹn ṣe.

Ọta irin kì í tètè fọ́n ká bí ti òjé, nítorí náà ẹ lo choke tó ṣí jù ú lọ ní ìpele kan, ẹ má sì yìn ín gba inú Full àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó gbà á. Ẹ yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn kí ẹ tó pààrọ̀ choke, ẹ lọ́ ọ le dáadáa, ẹ má sì yìnbọn tí ihò rẹ̀ ṣófo láé.

Lẹ́yìn náà, ẹ ta bébà ńlá sí ibi tó jìnnà tó ibi tí ẹ óò ti máa yin ẹyẹ, kí ẹ sì lo irú ọta kan náà. Ẹ lo bébà mẹ́ta, nítorí ẹyọ kan lè tan yín jẹ.