Òórùn tó ń ta ni nímú kọ́ ni ìmọ́tótó

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo gbé dé lónìí, ẹ má bínú.

Nínú àwọn ilé wa tí yàrá ti ń kojú yàrá, tí ìdílé mẹ́jọ ń lo ṣáláńgá kan, bí ọjọ́ ìmọ́tótó bá ti dé, wọ́n á da Hypo sílẹ̀. Tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á bu ásíìdì lé e. Bí ojú bá ń ta wọ́n, tí wọ́n ń húkọ́, wọ́n á ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn!"

Irọ́ ni o. Bí Hypo bá pàdé ásíìdì, ìbáà jẹ́ èyí tó wà nínú Harpic tàbí èyí tí wọ́n ń wọ̀n tà lọ́jà, gáàsì tí wọ́n ń pè ní klọ́ríìnì ló ń jáde. Gáàsì yìí ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1915. Òun làwa ń tú sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní fèrèsé, níbi tí ọmọ tí àsímà ń yọ lẹ́nu yóò wọ̀ láìpẹ́. Kódà, ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ pẹ̀lú Hypo ń mú gáàsì búburú mìíràn jáde.

Hypo kò nílò olùrànlọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò, nítorí ìdọ̀tí ń jẹ agbára rẹ̀. Ẹ fi omi tútù là á, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó ṣàn án. Èyí tí oòrùn ti pa lórí àtẹ látàárọ̀, agbára rẹ̀ ti dín kù. (Owó kan náà la sì ń rà á.)

Álọ́ọ̀mù tí a ń fi sí omi mẹ́rúwà náà ńkọ́? Ẹrẹ̀ ló ń fà sísàlẹ̀. Kò pa gbogbo kòkòrò àìsàn. Ẹ sè é kó hó dáadáa. Ní ti Sniper, oògùn oko ni. Ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi í lé ẹ̀fọn nínú yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé inú ìgò omi la ń rọ ásíìdì àti kẹrosíìnì sí. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀yin àgbà ìpàdé wa, ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹ fòfin de èyí náà. Bí ọmọ bá sì ti mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì ní kó bì í. Ásíìdì tó jó ọ̀fun nígbà tó ń wọlé yóò tún jó o nígbà tó bá ń jáde. Ẹ mú ìgò náà dání, kí ẹ sáré gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.