Ẹ Yéé Há Ẹ̀dọ̀ Díndín Sórí

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ bá yín rò, ẹ má bínú o. Ta ló sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ chess ni kí èèyàn há ìgbésẹ̀ mẹ́jọ sórí bí ẹni ń há handout lóru ọjọ́ tí ìdánwò kù ọ̀la?

Láti Mowe dé Ibafo, níbi tí mo bá ti rí ọpọ́n chess láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́, nǹkan kan náà ni. Funfun á ti ọmọ-ogun sí e4, dúdú á ti tirẹ̀ sí e5, ẹṣin á jáde níhìn-ín, ẹṣin á jáde lọ́hùn-ún, bíṣọ́ọ̀bù funfun á lọ jókòó sí c4. Bí dúdú bá ti gbé ẹṣin kejì sí f6 báyìí, ojú funfun á tàn, ẹṣin rẹ̀ á fò sí g5. Fried Liver dé nìyẹn, ẹ̀dọ̀ díndín! Ó ti lé ní 400 ọdún tí àwọn ará Ítálì ti ń dín in.

Èmi ò bá ẹ̀dọ̀ díndín jà o. Tarrasch, ọ̀gá ará Jámánì, fi ìgbésẹ̀ g5 yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti aláìmọ̀ọ́ta ni, ṣùgbọ́n Bobby Fischer ará Amẹ́ríkà fi na Bisguier ní 1963. Ìwé fọ́tòkọ́pì tí àwọn kan nínú wa ń tà fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì tí à ń kọ́ ní Ifo lọ́jọ́ Sátidé ni mò ń bá jà. "Borí ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá" ni wọ́n kọ sí i lórí. Owó oúnjẹ ọ̀sán ni ọmọ ẹlòmíì fi rà á!

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló dé tí ẹṣin fi ń kú sí f7. Á ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹ gbà mí! Ọba nìkan ló ń ṣọ́ f7. Bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin sì jọ dojú kọ ọ́. Dúdú á fi ọmọ-ogun d5 dí bíṣọ́ọ̀bù lọ́nà, funfun á jẹ ẹ́. Bí dúdú bá wá fi ẹṣin gbẹ̀san lórí d5, wàhálà dé. Ẹṣin funfun á jẹ f7, ọba á jẹ ẹṣin, ayaba á bọ́ sí f3: check! Bí ọba bá sá sí g8, bíṣọ́ọ̀bù á jẹ ẹṣin d5, kò sì ní pẹ́ tí ayaba á fi pa á mọ́lé. Ìdí nìyẹn tó fi ní láti jáde sí e6, sí gbangba, kó lè dáàbò bo ẹṣin rẹ̀. Ẹṣin ọ̀hún ò sì lè mira, torí ọba wà lẹ́yìn rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù wà níwájú. Ẹṣin funfun kejì á wá sí c3, ó di ẹni mẹ́ta lórí ẹnì kan. Àsìkò ni funfun fi ẹṣin rà. Bó bá dẹwọ́ pẹ́nrẹ́n, ọba á wọlé, ẹṣin ti gbé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí dúdú ò bá jẹ d5 ńkọ́? Bó bá gbé ẹṣin c6 lọ sí a5, tó fi lé bíṣọ́ọ̀bù? Ọmọ-ogun kan ni yóò pàdánù, àwọn èèyàn rẹ̀ á sì máa jáde wọ̀ọ́ nígbà tí funfun bá ń sá sẹ́yìn. Ìwé náà ò dárúkọ a5 rárá. Ẹnìkan ta a5 fún ọmọ Ifo kan níṣojú mi ní Ibafo. Ọmọ náà wo ọpọ́n, ó wo òkè, ó nà kalẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ò rí i.

Wọ́n ní ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí kó tó fẹ́ràn eré. Ó dáa, kó borí, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ní oṣù kẹrin 2024, Tunde Onakoya tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ta chess fún wákàtí 60 ní Times Square, New York. Ṣé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ló há sórí lọ? Nídìí ayò pàápàá, òpè ló ń ka ilé tirẹ̀ nìkan; ọ̀ta ń ka tẹni tó jókòó síwájú rẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, mò ń gbé ọpọ́n lọ sí Ifo. Dúdú ni mo mú, a5 ni n ó ta, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ẹni tó ń ta ìwé náà wá jókòó sí funfun lójú àwọn ọmọ tó gbowó wọn.