"Agbára" Kan Ṣoṣo Kò Tó: Ẹ̀kọ́ Lára Awọ̀npá Olóòfà

Ní sáà ẹ̀kọ́ kan tí ó kọjá, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ń múra àtidi olùkọ́ Yorùbá fi èdè náà ṣàlàyé ẹ̀rọ kan tí èmi fúnra mi kò tíì bá pàdé nínú ìwé Yorùbá, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń ti ara òòfà inú irin mọ bí ohun tí ó tẹ irin náà ti wúwo tó. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ báyìí: "Bí agbára bá tẹ irin, agbára rẹ̀ yóò yí padà, agbára yóò sì jáde níbẹ̀." Gírámà gbólóhùn yìí kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni agbára mẹ́ta inú rẹ̀: èkíní ni ìtẹ̀ ẹrù, èkejì ni òòfà, ẹ̀kẹta ni iná mànàmáná. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ kò lè ti ipasẹ̀ gbólóhùn náà mọ̀ ọ́n láéláé.

Kí n tó sọ ibi tí mo ń lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1842 ni James Joule, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé bí a bá sọ ọ̀pá irin di òòfà, gígùn rẹ̀ a máa yí padà. Ìyípadà náà kéré jọjọ. Kò ju ìdá mélòó kan lọ nínú mílíọ̀nù kan gígùn irin náà. Ní ọdún 1865, Emilio Villari, ará Ítálì, rí òdìkejì rẹ̀: bí a bá tẹ irin tàbí tí a fà á, bí irin náà ti ń gba òòfà sára yóò yí padà. Àkíyèsí kejì yìí ni ẹ̀rọ wa dúró lé. Ti àkọ́kọ́, gbogbo wa ni a ti fi etí gbọ́ ọ. Tiransifọ́mà àdúgbò tí ń kùn ṣáá nígbà tí iná bá wà, irin inú rẹ̀ ni ó ń nà tí ó sì ń súnkì. Ìgbà 50 ni iná wa ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n bóyá síwá ni òòfà kọjú sí tàbí sẹ́yìn, irin náà yóò nà, nítorí náà ìgbà 100 ni ó ń nà. Mo ti rí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí kò mọ ohun tí ń kùn níbẹ̀.

Láti ọdún 1954 ni ilé-iṣẹ́ ASEA ní orílẹ̀-èdè Swídìn ti sọ ìmọ̀ yìí di ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Pressductor. Wọ́n to irin pẹlẹbẹ léra, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀ di odindi kan, wọ́n sì lu ihò mẹ́rin sí i. Wọ́n wá gba inú àwọn ihò náà ká wáyà méjì mọ́ ọn, èkíní dábùú èkejì bí àgbélébùú. Wáyà èkíní ni a ń fún ní iná. Bí nǹkan kan kò bá tẹ irin náà, òòfà tí wáyà èkíní dá sílẹ̀ kì í ya ọ̀dọ̀ èkejì, iná kì í sì í sí nínú èkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá gùn ún, ọ̀nà òòfà a há ní ìhà tí ìtẹ̀ náà gbà, a sì là sí i ní ìbú rẹ̀. Òòfà náà a wọ́, a gba ọ̀dọ̀ wáyà èkejì, iná a sì hàn níbẹ̀. Bí ẹrù ti ń pọ̀ sí i ni iná náà ń pọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi rólà ńláńlá tẹ irin di pẹlẹbẹ, níbi tí ooru àti ìdọ̀tí pọ̀ sí, ni ẹ̀rọ yìí ti wúlò jù, nítorí odindi irin ni, kò sì ní ẹ̀yà tí ń yí.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò lo "agbára" rárá nínú àlàyé yìí. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà burú. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó wà nílẹ̀ tí a kò lò: ipá. Ọmọdé tí a fi ipá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dájú. Kí "ipá" jẹ́ ti ìtẹ̀, ìtì àti ìfà; kí a fi "agbára" sílẹ̀ fún ohun tí ń mú iṣẹ́ ṣe. Láti ara èyí ni mo ti ṣẹ̀dá "awọ̀npá", ohun tí ń wọn ipá. Èyí tí ń fi òòfà ṣiṣẹ́ a sì jẹ́ awọ̀npá olóòfà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí a kúkú kọ "ṣẹ́ńsọ̀". N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà, tiransifọ́mà ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ńsọ̀ kò sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe fún ọmọ.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí Joule rí ni ó le jù láti fún lórúkọ. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún un ti inú èdè Látìnì wá, fífún pọ̀ ni ó sì ń tọ́ka sí. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ṣangiliti sí "ìsúnkì olóòfà", irọ́ ni a ó fi kọ́ ọmọ, nítorí níkẹ́lì ni ó ń súnkì. Irin ní tirẹ̀ máa ń kọ́kọ́ nà. Terfenol-D, àdàlù irin pẹ̀lú térbíọ̀mù àti dísprósíọ̀mù, ń nà débi pé ọ̀pá rẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan lè fi ohun tí ó ju mílímítà kan lọ gùn sí i. Nítorí náà, "ìnàsúnkì olóòfà" ni mo fara mọ́.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 kò ran àríyànjiyàn náà lọ́wọ́ tó bí ó ti yẹ. Mo lòdì sí ìfagilé náà. Síbẹ̀, gbólóhùn alágbára mẹ́ta yẹn ń dùn mí ju ìkéde ìjọba lọ, nítorí àwa ni a kọ́ ẹni tí ó kọ ọ́.

Ìṣòro náà kò sì mọ sọ́dọ̀ Yorùbá. Ƙarfi ní Hausa àti ike ní Ìgbò ru irú ẹrù kan náà tí agbára rù. Inú mi yóò dùn bí àwọn olùkọ́ èdè méjèèjì bá lè kọ̀wé sí ojú-ewé yìí láti sọ bí wọ́n ti ń ya ipá sọ́tọ̀ kúrò lára agbára nínú kíláàsì wọn.