Ìgbéléwọ̀n Ìmọ̀-Ẹ̀rọ àti Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Ṣe É

Ohun tí ènìyàn bá fi wọn nǹkan ni ó ń sọ ohun tí yóò rí. Ẹni tí ó fi kóńgò wọn ẹ̀wà yóò ka kóńgò. Ẹni tí ó gbé e lé òṣùwọ̀n yóò ka kílò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìgbéléwọ̀n ìmọ̀-ẹ̀rọ rí. Ohun tí mo ń pè bẹ́ẹ̀ ni yíyẹ ọgbọ́n tàbí ẹ̀rọ tuntun wò kí ó tó tàn ká ìlú: kí ni yóò ṣe fún wa, kí ni yóò ṣe sí wa, ta ni yóò jèrè, ta ni yóò sì jìyà rẹ̀? Èrò mi ni pé ọ̀nà tí a bá gbà ṣe é ni ó ń pinnu ẹni tí yóò lè dá sí i, àti pé èdè wà lára ọ̀nà náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà méjì. Ní ọdún 1972, ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi òfin dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àwọn onímọ̀ a ṣe ìwádìí, wọn a sì to àwọn ọ̀nà tí ìjọba lè tọ̀ sílẹ̀, láìsọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n yàn. Iṣẹ́ náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ni wọ́n ń ṣe é fún. Nígbà tí àwọn aṣòfin náà kò fún un lówó mọ́ ní ọdún 1995, ó kógbá sílé.

Ọ̀nà mìíràn ni Dẹ́ńmáàkì gbà. Ní ọdún 1987, wọ́n kó àwọn ará ìlú díẹ̀ tí kì í ṣe onímọ̀ jọ lórí yíyí àbùdá ohun alààyè padà. Àwọn ará ìlú béèrè, àwọn onímọ̀ dáhùn, àwọn ará ìlú sì kọ àbọ̀. Wọ́n ní kí ìjọba má ṣe náwó sórí yíyí àbùdá ẹranko padà. Ilé aṣòfin sì tẹ̀lé ìmọ̀ràn wọn nínú ètò ìwádìí ìgbà náà. Ohun tí àwọn tí ń yin ọ̀nà yìí kì í sábà dárúkọ ni pé èdè tí àwọn ènìyàn náà ń sọ nílé ni wọ́n fi bi onímọ̀ léèrè. Gbogbo àwọn tí ń sọ èdè náà nígbà náà kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 5 lọ. Ìwọ̀nba ni wọ́n jẹ́ lára àwa Yorùbá.

Nílé wa ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àjọ tí òfin ọdún 2015 dá sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí fọwọ́ sí ẹ̀wà tí àwọn onímọ̀ ní Zaria yí àbùdá rẹ̀ padà kí kòkòrò tí ń jẹ òdòdó àti pódi rẹ̀ má baà pa á run. Ìlànà àjọ náà ni láti pàtẹ ìwé ìbéèrè fún ọjọ́ 21 kí ará ìlú lè sọ tẹnu wọn. Ètò náà dára. Ṣùgbọ́n báwo ni alákàrà yóò ṣe kà á? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ 'mè é jẹ'. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè kò lè kọ̀, kò sì lè gbà. Ẹlòmíràn ni ó ń gbà fún un.

Ibí yìí ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní 'hazard', ó sì ní 'risk'. 'Ewu' ni a sábà ń túmọ̀ méjèèjì sí. Àdá mímú tí a fi há àjà jẹ́ ewu. Ewu kan náà ni bí a bá jù ú sí àárín àwọn ọmọdé tí ń ṣeré, ṣùgbọ́n bí ó ṣe lè ṣá ènìyàn tó ti yàtọ̀. Mo dábàá pé kí á fi 'ewu' sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, kí á pe èkejì ní 'ìṣeéṣe ewu', kí á sì pe ohun tí ìwádìí kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 'àìdánilójú'. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tí ó ní "ewu wà" àti ẹni tí ó ní "ewu kò sí" yóò máa pariwo mọ́ ara wọn lórí rédíò, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Àwọn kan lè wí pé àgbẹ̀ kò lè mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò gbà. Ẹni tí ó gbin àgbàdo sí òjò àkọ́rọ̀ mọ̀ pé ọ̀dá lè dá. Ó wọn èrè mọ́ àdánù kí ó tó gbé ọkọ́.

Kí á sì ṣọ́ra fún orúkọ. Ẹni tí ó pe ẹ̀wà náà ní 'ẹ̀wà olóró' ti dájọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó pè é ní 'ẹ̀wà ìgbàlódé'. 'Ẹ̀wà tí a yí àbùdá rẹ̀ padà' gùn, ṣùgbọ́n kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Abala 55 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbà kí a lo Hausa, Igbo àti Yorùbá nílé aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò tí ó tó bá ti wà. Ọ̀rọ̀-ìperí jẹ́ apá kan nínú ètò náà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 pèsè fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Kí á ṣe irú rẹ̀ fún ìgbéléwọ̀n ìmọ̀-ẹ̀rọ, kí á sì gbé e lọ sí ọjà àti oko kí á tó tẹ̀ ẹ́. Bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò bá lè lò ó, a kò tíì ṣe nǹkan kan.