Ìyá olóúnjẹ, lẹ́tà ló kù

Ìyá olóúnjẹ tó ń tàwìn fáwọn òṣìṣẹ́ ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate ló mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Ọjọ́ owó oṣù pé, ẹni tó ti jàmàlà àwìn yó á gba géètì ẹ̀yìn sá lọ. Tí ìyá bá sì pariwo, àwọn oníbàárà yòókù lè má wá mọ́.

Láyé àtijọ́, ológò ni wọ́n ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nílé. Ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin wọn tọdún 2020 ò gbà kí wọ́n torí gbèsè lásán mú èèyàn.

Kó yáa kọ lẹ́tà: iye owó, ọjọ́ àwìn, ọjọ́ tó fẹ́ gbà á. Kó tọ́jú ẹ̀dà kan. Ní kóòtù gbèsè kéékèèké tíjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2018, lẹ́tà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.