Àìrí Bósónì Z′ Kì Í Ṣe Òfò

Ó ti di orin ẹnu àwọn kan pé ṣe ni àwọn onímọ̀ físíìsì tó wà ní CERN, lẹ́bàá ìlú Geneva, kàn ń fi owó ìlú ṣòfò. Wọ́n ní láti ọdún 2012 tí wọ́n ti rí bósónì Higgs, wọn kò tún rí nǹkan gidi mọ́. Ẹ̀sùn yìí dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wá, ìyẹn bósónì tí wọ́n pè ní Z′. Z fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ní ọdún 1983 ni wọ́n rí i ní CERN kan náà, Carlo Rubbia àti Simon van der Meer sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà ní 1984. Ìwọ̀n rẹ̀ tó GeV 91, kò sì ní iná mànàmáná kankan lára. Z′ yóò jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wúwo jù ú lọ. Bí ó bá wà, a jẹ́ pé agbára kan ń bẹ nínú ìṣẹ̀dá tí a kò tíì mọ̀ rí.

Inú ihò abẹ́ ilẹ̀ tó yípo fún kìlómítà 27 ni wọ́n ti ń gbá pírótọ́ọ̀nù lu ara wọn. Bí Z′ bá ti ibẹ̀ yọ, kò ní í pẹ́ rárá tí yóò fi fọ́ sí múónì méjì tí iná ara wọn tako ara wọn. Wọ́n á wọn agbára àwọn méjèèjì, wọ́n á ṣírò rẹ̀ padà sí ìwọ̀n ohun tó bí wọn, wọ́n á sì máa wò ó bóyá òkìtì kan yóò yọrí nínú àwòrán ìṣirò wọn. Ikọ̀ ATLAS ṣe èyí lórí gbogbo ohun tí wọ́n kó jọ láti 2015 sí 2018. Òkìtì kankan kò yọ. Ikọ̀ CMS ṣe tiwọn lọ́tọ̀, ibì kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí: Z′ tí ìṣesí rẹ̀ bá bá ti Z mu kò sí nísàlẹ̀ TeV 5, ìyẹn ju ìlọ́po àádọ́ta ìwọ̀n Z lọ.

Ṣé òfo nìyẹn? A máa ń sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Ta ló wá lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí lápò, bí kò bá tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́? Ọ̀pọ̀ àbá tó dára lórí ìwé ni àyẹ̀wò yìí ti sọ di ohun àjùnù.

Ibi tí àwọn alátakò ti jàre nìyí: ọ̀pọ̀ àbá náà kò sọ ìwọ̀n pàtó tí Z′ gbọ́dọ̀ ní. Bí a kò bá rí i ní TeV 5, ẹnìkan á ní ó wà ní 10. Ariwo pẹ̀lú kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta 2021, ikọ̀ LHCb kéde pé ó jọ bíi pé ìṣẹ̀dá ń ṣe ojúsàájú láàárín múónì àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ìwé lórí ìwé sì jáde tó ní Z′ ló wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2022, ikọ̀ náà fúnra wọn jẹ́wọ́ pé àwọn ohun mìíràn ni wọ́n ti ṣì kà mọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Mo kan sáárá sí wọn. Àwọn oníròyìn tó pariwo àkọ́kọ́ ńkọ́?

Ní báyìí, ihò kìlómítà 91 ni CERN tún fẹ́ gbẹ́, pẹ̀lú nǹkan bíi bílíọ̀nù 15 owó Switzerland fún ìpele àkọ́kọ́. Ó tọ́ kí a béèrè ìbéèrè lórí owó yẹn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi àìrí Z′ ṣe ẹ̀rí. Kí àwọn onímọ̀ náà má sì fi Z′ tí ojú kò rí rí tọrọ owó. Z tí a ti mọ̀ ni ẹ̀rọ tuntun náà yóò máa ṣe jáde, ní tíríliọ̀nù-tíríliọ̀nù, kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n fínnífínní bóyá ohun wíwúwo kan ń tì í láti ẹ̀yìn. Kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn tó ń san owó orí ní Yúróòpù lè mọ ohun tí wọ́n ń rà.